Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Sọ̀rọ̀ Sí Àwòrán Ẹlòmíràn

Nígbà tí àwọn bàbá wa bá fẹ́ ya fọ́tò, ètò ni wọ́n ń ṣe sí i. Wọn a dá ọjọ́, wọn a yọ aṣọ tí ó dára jù lọ nínú àpótí, wọn a sì gba ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò lọ. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni onífọ́tò yóò tẹ kámẹ́rà rẹ̀, nítorí pé owó ni fíìmù, owó sì ni ìwé tí a ń tẹ àwòrán sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọn a padà lọ gba àwòrán náà, wọn a sì gbé e kọ́ sára ògiri. Àlejò tí ó bá wọlé yóò gbójú sókè wò ó, yóò sì kí onílé. Ọ̀rọ̀ parí.

Lóde òní, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ ti di ayàwòrán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, ó lè ti fi ogún àwòrán ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ní Ìbàdàn, ní London àti ní ìlú Amẹ́ríkà. Bí àwọn tí ń ya àwòrán ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń sọ̀rọ̀ sí i ń pọ̀ sí i. Ẹni kan yóò ní ó dára, ẹlòmíràn yóò ní ó wọ́, ẹni kẹta yóò ní bí ó bá jẹ́ òun ni, òun kò ní dúró síbẹ̀ yà á. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni èyí: bí a bá rí àlèébù lára àwòrán ẹlòmíràn, ìgbà wo ni ó yẹ kí a sọ ọ́, ìgbà wo sì ni ó yẹ kí a pa ẹnu mọ́?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ méjì wò. Èkíní ni "àwòrán". Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, nínú iṣẹ́ kan tí ó gbé jáde ní ọdún 2001, ṣàlàyé pé inú "à-wò-rántí" ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Èkejì ni "lámèyítọ́", ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ wa máa ń lò fún ẹni tí ó ń ṣe àtúpalẹ̀ iṣẹ́ ọnà. Lámèyítọ́ ni ẹni tí ó ń la nǹkan sí méjì kí ó lè mọ èyí tí ó tọ́. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìdáhùn sí ìbéèrè wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú. Àwòrán kan wà tí a gbé kalẹ̀ fún ìrántí. Òmíràn wà tí a gbé kalẹ̀ kí a lè là á wò. Ẹni tí ó bá fi àdá lámèyítọ́ la ohun tí a gbé kalẹ̀ fún ìrántí ti ṣe àṣìṣe kí ó tó la ẹnu, bí ohun tí ó fẹ́ sọ tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà kì í ṣe àjèjì sí wa

Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá kì í bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, pé àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́ wa ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní àwọn ọdún 1960, Robert Farris Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó padà di ìlúmọ̀ọ́ká olùkọ́ ní Yunifásítì Yale, rìn káàkiri àwọn ìlú Yorùbá. Ó ń gbé ère kalẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn, ó sì ń bi wọ́n pé èwo ni ó dára jù, kí sì ni ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1973 ni àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà láàrin Yorùbá jáde. Kì í ṣe àwọn agbẹ́gilére nìkan ni wọ́n dá a lóhùn. Àwọn tí kò fọwọ́ kan àáké gbẹ́nàgbẹ́nà rí náà mọ ohun tí wọ́n ń wò. Wọ́n mẹ́nu ba jíjọra: ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jọ ọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n mẹ́nu ba ìfarahàn: ojú, imú, etí àti ilà gbọ́dọ̀ hàn kedere. Wọ́n sọ nípa dídán àti nípa gígún, pé kí ara ère máa dán, kí ìdúró rẹ̀ sì gún régé.

Nítorí náà, ojú tí ń dá iṣẹ́ ọnà mọ̀ wà lára wa. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé kíyè sí ohun kan: Thompson ni ó kọ́kọ́ béèrè. Àwọn ènìyàn náà kò lọ ká agbẹ́gilére mọ́ ojúbọ tàbí mọ́ ibi ìsìnkú láti wí fún un pé etí ère rẹ̀ kò dọ́gba. Ìbéèrè ni ó ṣáájú, ìdájọ́ ni ó tẹ̀ lé e.

Àwòrán ìrántí àti àwòrán iṣẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni irú àwòrán tí ó wà níwájú wa. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà mìíràn, ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ fọ́tò láàrin Yorùbá, pàápàá jù lọ ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1978. Ó ṣe àpèjúwe bí àgbàlagbà ṣe máa ń jókòó fún fọ́tò: yóò kọjú sí kámẹ́rà gangan, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, yóò la ẹsẹ̀ kí aṣọ rẹ̀ lè tẹ́ dáadáa, ojú rẹ̀ kò sì ní fi ẹ̀rín hàn. Gbogbo ara rẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀, ni yóò wà nínú àwòrán náà. Bí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní òkè òkun bá rí irú àwòrán yìí, ó lè sọ pé ẹni náà le bí igi, pé kò sí ìgbòkègbodò kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pè ní àlèébù yẹn gan-an ni ẹwà rẹ̀. Ìfarahàn ni, gígún ni. Àgbà ni a fẹ́ rántí, kì í ṣe eré tí àgbà ṣe ní ọjọ́ kan. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí àwòrán ń gbìyànjú láti ṣe kò lè mọ̀ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é.

Sprague tún sọ nípa àwòrán ìbejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù láyé, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, tí yóò fi dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n bí, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tí ó kù, wọn a yà á. Wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún yà á. Ìyá wọn a sì gbé fọ́tò náà sí ibi tí ère ìbejì ìbá wà.

Ẹ wá ro ó wò. Ẹnì kan wọ ilé ìyá yìí. Ojú rẹ̀ mú. Ó rí ibi tí a ti lẹ ìdajì méjèèjì mọ́ ara wọn, ó rí i pé ojú kan náà ni ojú méjèèjì, ó sì sọ ọ́ jáde. Irọ́ ni ó pa bí? Rárá. Gbogbo ohun tí ó sọ pátá ni ìyá náà ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìdí tí ó fi mọ̀ ọ́n ni ó fi ní kí wọ́n ya àwòrán náà. Kò sí ọ̀rọ̀ lámèyítọ́ tí ó wúlò fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Kíkí ni a ń kí i.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àwòrán ìrántí ni ó wúwo tó ti ìbejì. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwòrán tí ń wọ fóònù wa lójoojúmọ́ ni ó jẹ́ ẹbí rẹ̀: àwòrán ọmọ tuntun, ti ìyá àgbà, ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwòsàn, ti òkú tí a sin ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ẹni tí ó fi wọ́n ránṣẹ́ kò sọ pé, "Ẹ wo iṣẹ́ mi." Ohun tí ó ń sọ ni pé, "Ẹ bá mi wò ó."

Ṣé a bi wá?

Ohun kejì ni ìbéèrè, ọ̀nà méjì sì ni mo ti gbà ṣì í ṣe. N óò sọ méjèèjì, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi ti ara rẹ̀ pamọ́.

Ní ọdún tí mo ti òkè òkun dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ya àwòrán ìyá wa àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Mo wò ó. Òpó ilẹ̀kùn wọ́. Ojú ọ̀run tí ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn Màmá ti sọ ojú wọn di dúdú. A ti gé ẹsẹ̀ wọn kúrò. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ níwájú àgbà àti èwe, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni mo fún ọmọ náà. Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ pè mí. Ó ní, "Àbúrò mi, ó tó oṣù mẹ́ta tí Màmá kò ti jáde síta. Òní ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà." Àwòrán náà wí pé ìyá ti dìde, èmi fèsì pé òpó ilẹ̀kùn wọ́. Ó ju ọdún kan lọ kí ọmọ náà tó tún fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mo sì ṣe ìpinnu pé n kò ní sọ àlèébù àwòrán ẹnikẹ́ni mọ́. Ìpinnu yìí náà ni ó tì mí sínú àṣìṣe kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kó àwòrán méjìlá wá bá mi, èyí tí ó fẹ́ tẹ̀ ní ńlá fún àfihàn. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi wò ó dáadáa, kí n tó náwó." Lórí àwòrán kìíní ni mo ti rí àmì kékeré kan lójú ọ̀run, bí ẹni pé eṣinṣin bà sí i, eruku ni ó wà lára ohun tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà rẹ̀. Mo rántí òpó ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ó dára púpọ̀." Nígbà tí a tẹ àwòrán wọ̀nyí ní ńlá, àmì tí ó kéré bí eṣinṣin ti tó owó kọ́bọ̀, ó sì wà ní ojú kan náà lórí gbogbo wọn. Owó ti lọ. Ọmọ náà kò bínú sí mi. Ó kàn bi mí léèrè pé, "Ṣé ẹ kò rí i ni, sà?"

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ìdí nìyí tí ayàwòrán fi nílò ojú ẹlòmíràn. Ó ti wo iṣẹ́ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ kò fi rí i mọ́. Bí ó bá wá béèrè, tí a sì fi ìyìn tí kò ti inú wá lé e padà, a kò bọ̀wọ̀ fún un. A tàn án ni. Ní ti ẹni tí kò bi wá, ìrántí ni kí a kọ́kọ́ ka àwòrán rẹ̀ sí. Ní ti ẹni tí ó bi wá, iṣẹ́ ni ó gbé kalẹ̀, òótọ́ sì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí kò bá dá wa lójú, ìbéèrè kan péré ti tó: "Ṣé kí n sọ ohun tí mo rí?"

Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ohun kẹta ni pé kí a wo irú àlèébù tí a rí. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín wọn sí.

(i) Èyí tí a lè tún ṣe lára àwòrán náà fúnra rẹ̀. Bí àwòrán bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, a lè gbé e dúró. Bí ohun tí kò bá a mu bá yọ orí ní etí rẹ̀, a lè gé e kúrò. Bí ó bá ṣókùnkùn díẹ̀, a lè fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Irú èyí ni ó yẹ kí a tètè sọ, kí ó tó di pé a tẹ̀ ẹ́.

(ii) Èyí tí a kò lè tún ṣe mọ́, ṣùgbọ́n tí a lè ṣọ́ra fún nígbà mìíràn. Àpẹẹrẹ kan wà tí ó wọ́pọ̀ ní òde àríyá wa. Àwọn ẹbí wọ léèsì funfun, oòrùn sì ń ràn. Nígbà tí fọ́tò jáde, léèsì mọ́ rekete, ṣùgbọ́n ojú àwọn ènìyàn dúdú tí a kò fi lè dá wọn mọ̀. Kí ni ó fà á? Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí aṣọ. Ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti sọ gbogbo rẹ̀ di ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, bí àwọ̀ eérú. Bí funfun bá pọ̀ níwájú rẹ̀, yóò dín ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé kù, àwọ̀ ara wa ni yóò sì jìyà rẹ̀. Àwọn fóònù tuntun máa ń wá ojú ènìyàn kí wọ́n tó wọn ìmọ́lẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń ṣì í. Ẹni tí ó wí fún ayàwòrán pé, "Ojú wọn dúdú jù," kò sọ ohun tí ayàwòrán kò rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ pé, "Bí aṣọ funfun bá pọ̀, fi ìmọ́lẹ̀ kún un kí o tó tẹ kámẹ́rà, tàbí kí o ní kí wọ́n bọ́ sí abẹ́ òjìji," ti fi nǹkan lé e lọ́wọ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí lè dúró di ọ̀la. Kò di dandan kí ó dé ní ọjọ́ ayẹyẹ.

(iii) Èyí tí kò ní àtúnṣe rárá. Ìyàwó di ojú ní ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n ń fi òrùka sí i lọ́wọ́. Bí àwòrán mìíràn bá wà, kí a tètè sọ ọ́ kí wọ́n lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí òmíràn, kí ni ọ̀rọ̀ wa yóò ṣe? Yóò kàn máa bá ìyàwó náà gbé ni.

Ìtàn kan wà tí ó bá èyí mu. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọ̀dá owó ń da ayé láàmú, ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn ayàwòrán káàkiri láti ya bí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tálákà ṣe ń gbé. Roy Stryker ni ọ̀gá wọn. Bí fíìmù bá dé ọ́fíìsì rẹ̀ ní Washington, tí àwòrán kan kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, a máa fi ẹ̀rọ tí a fi ń lu ìwé lu ihò sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́. Inú àwọn ayàwòrán náà kò dùn sí i, nígbà tí ó sì yá, ó jáwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn fíìmù tí ó ti lù kò ṣeé tún ṣe. Wọ́n wà ní ilé ìkówèésí ìjọba wọn títí di òní, bí a bá sì tẹ̀ wọ́n, ihò náà a yọ bí òṣùpá dúdú, nígbà mìíràn lójú ènìyàn gan-an. Ó ṣeé ṣe kí Stryker tọ̀nà lórí púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí kò tọ̀nà ni pé ìdájọ́ rẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún èrò kejì. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Níbo ni a óò ti sọ ọ́?

Àwọn baba wa ní, "Ojú ni ọ̀rọ̀ wà." Nígbà tí ọ̀gá onífọ́tò bá ń bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá òkùnkùn, ọmọ náà ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì ń wo ojú ọmọ náà. Bí ojú ọmọ bá rẹ̀wẹ̀sì, ọ̀gá yóò mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀, yóò fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ ránṣẹ́ kò ní ojú, kò ní ohùn, kò ní ọwọ́. Ohun tí a fi ẹ̀rín kọ, ẹni tí ó gbà á lè fi omijé kà á. Nítorí náà, ó yẹ kí ìdájọ́ tí a kọ sílẹ̀ rọ̀ ju èyí tí a fi ẹnu sọ lọ, kí ó sì dé ọwọ́ ẹni tí ó ni àwòrán nìkan. Kí a yìn ín ní gbangba, kí a kọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ ni.

Ìgbà tí a kò gbọdọ̀ dákẹ́

Ó ku ẹ̀ka kan tí òfin ìbéèrè kò dè. Bí àwòrán bá lè pa ẹnì kan lára, a kò ní dúró de ìgbà tí wọn yóò bi wá. Bí ìhòòhò ọmọdé bá hàn níbẹ̀. Bí aṣọ ilé-ìwé ọmọ àti orúkọ àdúgbò rẹ̀ bá hàn tí ẹni ibi fi lè mọ ibi tí yóò ti rí i. Bí a bá ya aláìsàn lórí ibùsùn láìgba àṣẹ rẹ̀. Bí a bá ya òkú ojú títì kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́: lójú ẹsẹ̀ ni kí a pe ẹni tí ó fi ránṣẹ́ kí ó yọ ọ́ kúrò. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Níbí yìí náà, pípè dára ju kíkọ níwájú gbogbo ènìyàn lọ, nítorí pé ààbò ni a ń wá. A kò wá ìtìjú ẹnikẹ́ni.

Ní àkótán

Kí a tó la ẹnu sí àwòrán ẹlòmíràn, kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá ìrántí ni tàbí iṣẹ́, bóyá a bi wá, bóyá àlèébù tí a rí ṣeé tún ṣe, àti bóyá ibi tí a wà bójú mu fún ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá bi wá, tí àyè àtúnṣe sì wà, dídákẹ́ kò yàtọ̀ sí irọ́. Bí a kò bá bi wá, tí àwòrán náà kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, kí a wo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kí a tó wo bí a ṣe yà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tún ti ń ya àwòrán. Ní ọdún tí ó kọjá, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí èmi nìkan, ó sì kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé, "Bùọ̀dá, ẹ bá mi wo ti ìmọ́lẹ̀ yìí." Mo kọ́kọ́ béèrè bí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe wà. Lẹ́yìn náà ni mo sọ nípa ìmọ́lẹ̀.